Òǹkà Agbára nínú Eré Ṣẹ́ẹ̀sì: Ti Ẹ̀rọ àti ti Ènìyàn

Láti ìgbà tí àwọn baba wa ti ń ta ayò lábẹ́ igi odán ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi mọ ẹni tí ó mọ ayò ta ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá nínú eré náà ni wọ́n ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta dáadáa ni wọ́n ń pè ní òpè. Wọn kò kọ nọ́ńbà kankan sínú ìwé kí wọ́n tó mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí òpè. Ohun tí ó ń sọ ènìyàn di ọ̀ta ni àwọn ọ̀ta mìíràn tí ó ti pa láyò níṣojú àwọn òǹwòran, àwọn tí í máa yin ẹni tí ó pa, tí wọn a sì máa fi ẹni tí a pa ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àlejò kan bá ti abúlé mìíràn wá, tí ó sì ní ọ̀ta ni òun, kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Wọn yóò gbé ọpọ́n ka iwájú rẹ̀, ojú gbogbo ènìyàn yóò sì rí i.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni yóò là wá lóye nínú ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Eré ṣẹ́ẹ̀sì ni eré tí ẹni méjì ń ta lórí pátákó olójú 64. Ọmọ 16 ni olúkúlùkù ní, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó há ọba ẹnì kejì mọ́ títí kò fi ní ríbi sá sí. Lónìí, ọmọ ilé-ìwé tí ń gbé ní Ajùwọ̀n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, lè ta eré yìí láìwá ẹnì kejì rárá, bí ó bá ti ní fóònù lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà yóò bi í pé irú alátakò wo ni ó ń fẹ́: ẹni 800 ni, tàbí ẹni 1500, tàbí ẹni 2000? Bí ọmọ náà bá pa ẹ̀rọ tí a kọ 2000 sí lára, ó lè máa rò pé òun ti kúrò ní ẹgbẹ́ òpè, òun ti di ọ̀gá. Bí ẹ̀rọ tí a kọ 800 sí lára bá sì pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lè pa eré náà tì, kí ó sọ pé Ọlọ́run kò fún òun ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ni ti àkọ́kọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ni ti èkejì, orí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì dúró lé. Nítorí náà ó yẹ kí a mọ ibi tí nọ́ńbà yìí ti wá, àti ohun tí ó lè sọ fún wa.

Ẹni tí ó ṣe ètò òǹkà agbára tí ayé ṣẹ́ẹ̀sì ń lò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Arpad Elo. Ilẹ̀ Hungary ni a ti bí i ní ọdún 1903, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ni ó gbé dàgbà, ó sì kọ́ni ní ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Marquette ní ìlú Milwaukee. Ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ètò rẹ̀ wọlé ní ọdún 1960. Nígbà tí ó di ọdún 1970, Àjọ Ṣẹ́ẹ̀sì Àgbáyé tí à ń pè ní FIDE náà gbà á. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ pé ẹni báyìí jẹ́ 2100, ẹni báyìí jẹ́ 2400.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Ẹni tí ó bá borí gba àmì kan. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, olúkúlùkù gba ìdajì. Bí òǹkà ẹni méjì bá dọ́gba, a ń retí pé kí wọ́n pín àmì náà lọ́gbọọgba. Bí ẹnì kan bá fi 200 ju ẹnì kejì lọ, a ń retí pé kí ó gba nǹkan bí àmì 76 nínú eré 100 tí wọ́n bá ta. Bí ó bá fi 400 jù ú lọ, a ń retí nǹkan bí 91. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta á tán, a ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a ti ń retí. Alágbára tí ó pa aláìlágbára kò ní rí ju díẹ̀ lọ fi kún òǹkà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí aláìlágbára bá pa alágbára, yóò rí púpọ̀ gbà, òǹkà alágbára yóò sì lọ sílẹ̀.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Òǹkà yìí kò jọ máàkì tí olùkọ́ ń fún yín nínú ìdánwò. Bí o bá gba 70 nínú ìṣirò, 100 ni olùkọ́ fi wọ̀n ọ́n, o sì lè mọ iye tí ó kù ọ́ kù kí o tó gbà á tán. Ṣùgbọ́n nínú ṣẹ́ẹ̀sì, kò sí 100 kankan lókè, kò sì sí òdo tí ó ní ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó ní ìtumọ̀ ni àlàfo tí ó wà láàárín ẹni méjì tí wọ́n wà nínú agbo kan náà. Bí a bá fi 500 kún òǹkà gbogbo ẹni tí ó wà nínú agbo náà lóru ọjọ́ kan, agbára ẹnikẹ́ni kò ní yí padà, àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò sì ní yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa ni a mọ kóńgò tí àwọn ìyá wa fi ń wọn gàrí àti ìrẹsì. Bí ìyá kan bá ní òun ra gàrí kóńgò márùn-ún, ìyá mìíràn tí ó gbọ́n yóò bi í léèrè pé, “Kóńgò ọjà wo?” Ó mọ̀ pé kóńgò ọjà kan lè tóbi ju ti ọjà kejì lọ, àti pé àwọn kan a máa lu ìdí kóńgò wọn wọnú kí ó má baà gba púpọ̀. Márùn-ún ni márùn-ún, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú wọn kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òǹkà ṣẹ́ẹ̀sì rí. Olúkúlùkù agbo tí ènìyàn ti ń ta á ni ó ní kóńgò tirẹ̀.

Ká sọ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Ajùwọ̀n dá ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì sílẹ̀, tí wọ́n sì fún olúkúlùkù ní 1500 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn ní Ìbàfò náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tí ó gbówọ́ jù ní Ajùwọ̀n di 1800, ẹni tí ó gbówọ́ jù ní Ìbàfò náà di 1800. Ǹjẹ́ wọ́n dọ́gba? Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Ó lè jẹ́ pé gbogbo àwọn ti Ajùwọ̀n ni ọwọ́ wọn yá, tí ó fi ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti yọrí láàárín wọn; ó sì lè jẹ́ pé òpè ló kún inú ẹgbẹ́ Ìbàfò. Àfi kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì jókòó ti pátákó kan náà, kí wọ́n sì bá ara wọn ta á. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Àjọ FIDE fúnra rẹ̀ ti fi hàn wá pé a lè tún kóńgò ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n fi kún òǹkà gbogbo ẹni tí tirẹ̀ kò tó 2000. Ẹni tí ó jẹ́ 1000 di 1400. Ẹni tí ó jẹ́ 1500 di 1700. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó kọ́ ọgbọ́n tuntun kankan mọ́jú ọjọ́ náà. Àwọn ibi tí a ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ìṣirò tiwọn. Lórí Lichess, fún àpẹẹrẹ, 1500 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún olúkúlùkù ẹni tí ó bá wọlé, ìbáà jẹ́ ọ̀ta, ìbáà jẹ́ òpè. Ẹni tí ó bá gbé òǹkà ibẹ̀ lọ sí ìdíje FIDE, kóńgò ọjà kan ni ó gbé lọ sí ọjà mìíràn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọdún 1977 ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí kò mọ ohun mìíràn í ṣe ju kí wọ́n ta ṣẹ́ẹ̀sì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé inú ilé àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i ni àwọn tí ń rà wọ́n ń béèrè pé èwo ló gbówọ́ jù. Ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Sweden, tí à ń pè ní SSDF, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ náà bá ara wọn ta á, wọ́n sì ń kọ òǹkà wọn sílẹ̀. Àwọn ará Sweden wọ̀nyí mọ̀ pé òǹkà tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ kò lè sọ ohun kan nípa ènìyàn. Nítorí náà, láàárín ọdún 1987 sí 1991, wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ kan bá àwọn ènìyàn ta á nínú ìdíje, kí kóńgò ẹ̀rọ lè bá kóńgò ènìyàn mu. Síbẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó hàn gbangba pé òǹkà inú ìwé wọn ti ga ju bí ó ti yẹ lọ, bí a bá fi wé ti ènìyàn. Ní ọdún 2000, wọ́n yọ 100 kúrò lára òǹkà gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà nínú ìwé náà. Ẹ̀rọ tí ó wà níwájú kò yẹ̀ kúrò níwájú, èyí tí ó wà lẹ́yìn kò sì sún mọ́ iwájú. Kóńgò nìkan ni wọ́n tún ṣe.

Ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ àti àwọn ọ̀ta àgbáyé ń wọ̀yá ìjà gan-an. Ní ọdún 1996, ní ìlú Philadelphia, Garry Kasparov, ẹni tí ó gbówọ́ jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì nígbà náà, pa ẹ̀rọ IBM tí ń jẹ́ Deep Blue pẹ̀lú àmì 4 sí 2. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1997, ní ìlú New York, ẹ̀rọ náà tí a ti tún ṣe gba 3½, Kasparov gba 2½. Ẹ̀rọ yìí lè yẹ ọ̀nà tí ó tó 200 mílíọ̀nù wò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn kan ṣì ń ní ìrètí, nítorí pé ní ọdún 2002 Vladimir Kramnik àti Deep Fritz ta ọ̀mì, 4 sí 4. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, ẹ̀rọ Hydra fi 5½ sí ½ na Michael Adams ní ìlú London. Ní ọdún 2006, Deep Fritz pa Kramnik, ẹni tí ó jẹ́ aborí àgbáyé nígbà náà, pẹ̀lú 4 sí 2 ní ìlú Bonn. Láti ìgbà náà ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti di ohun àtijọ́. Kò sí ẹni tí ó tún ń bá ẹsẹ̀ ọkọ̀ sáré ìje.

Ìhín gan-an ni ìṣòro wà. Nígbà tí ènìyàn àti ẹ̀rọ kò bá ara wọn ta á mọ́, okùn tí ó so kóńgò méjèèjì pọ̀ já. Magnus Carlsen, ọmọ ilẹ̀ Norway, dé 2882 ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, kò sì sí ènìyàn tí ó tíì dé ibẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Nínú àwọn ìwé òǹkà ti ẹ̀rọ, ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Stockfish ti kọjá 3600. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò yọ 2882 kúrò nínú 3600, yóò ní ó ku 718, yóò sì ṣírò pé Carlsen kò lè gbà tó àmì méjì nínú eré 100. Bóyá ó lè rí bẹ́ẹ̀, bóyá kò sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò fìdí múlẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó fún ẹ̀rọ ní 3600, ènìyàn ni ó fún ènìyàn ní 2882. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé ẹ̀rọ lágbára ju ènìyàn lọ, nítorí pé wọ́n bá ara wọn ta á, gbogbo ayé sì rí i. Bí ó ti jù ú lọ tó ni òǹkà kò lè sọ.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà. Òǹkà ènìyàn ń bá a lọ síbikíbi tí ó bá lọ. Ṣùgbọ́n òǹkà ẹ̀rọ kò yàtọ̀ sí òǹkà ọkọ̀ tí a dán wò lójú títì kan: bí ètò kan náà bá wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá, tí a sì fún un ní àyè láti ronú pẹ́, agbára rẹ̀ yóò pọ̀; bí a bá gbé e sínú kọ̀ǹpútà kékeré, tí a sì ń lé e léré, agbára rẹ̀ yóò dín kù. Nínú ìdíje àwọn ẹ̀rọ, àwọn olùṣètò a tilẹ̀ máa yan ìbẹ̀rẹ̀ eré fún wọn, kí wọ́n má baà kàn máa ta ọ̀mì ṣáá. A kì í ṣe èyí fún ènìyàn nínú ìdíje gidi.

Ẹ̀rọ kì í rẹ̀, oorun kì í kùn ún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Túndé Ọnàkọ̀yà, ọmọ Nàìjíríà tí ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní ọdún 2018 kí àwọn ọmọ tí kò rí já jẹ lè kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, bá Shawn Martinez ta á fún 60 wákàtí ní Times Square ní ìlú New York. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n tún padà síbẹ̀, wọ́n sì ta á fún 64 wákàtí. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣe irú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dúró wò ó, nítorí pé kò ná an ní ohunkóhun. Nígbà tí a bá kọ 2400 sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ènìyàn, àárẹ̀ rẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ àti ìfaradà rẹ̀ wà nínú òǹkà náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú òǹkà ẹ̀rọ.

Kí ni a wá lè sọ nípa ẹ̀rọ orí fóònù tí a kọ 800 tàbí 2000 sí lára? Agbára ẹ̀rọ náà gan-an ju èyí lọ dáadáa. Ńṣe ni àwọn tí ó ṣe é dè é lọ́wọ́. Wọ́n lè ní kí ó má ronú jìnnà, tàbí kí ó máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ó lè ta á bí ọ̀gá fún ìgbà mẹ́wàá, kí ó sì fi ọmọ rẹ̀ tí ó lágbára jù tọrẹ ní ìgbà kọkànlá. Ènìyàn tí ó jẹ́ 800 kì í ṣe bẹ́ẹ̀; àṣìṣe tirẹ̀ ní ìdí: ó lè jẹ́ pé ó kánjú, tàbí kò rí i, tàbí ojora mú un. Ọmọ tí ó bá fi ẹ̀rọ nìkan kọ́ eré, tí ó ń dúró de àṣìṣe tí a fi ọgbọ́n gbìn síbẹ̀, yóò pàdé ènìyàn lọ́jọ́ kan, ọ̀nà náà yóò sì dàrú mọ́ ọn lójú.

Nínú ayò pàápàá, ẹ̀rọ ti ṣe ohun tí ó ju òǹkà lọ. Awari, tí í ṣe ìbátan ayò ọlọ́pọ́n wa, ní ihò 12 àti ọmọ 48 gẹ́gẹ́ bí tiwa, bí òfin wọn tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní ìlú Amsterdam fi 51 wákàtí ṣírò gbogbo ọ̀nà tí ọpọ́n náà lè gbà rí, iye rẹ̀ sì jẹ́ 889,063,398,406. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Ẹ̀rọ tí ó mọ èyí kò nílò òǹkà mọ́, ó ti mọ òpin kí eré tó bẹ̀rẹ̀. A kò tíì ṣe irú èyí fún ṣẹ́ẹ̀sì lódindi. Ìgbà tí ọmọ tí ó kù lórí pátákó kò bá ju 7 lọ nìkan ni a ti ṣírò tán. Síbẹ̀, àwọn ọ̀ta ayò kò torí ìṣirò Amsterdam gbé ọpọ́n wọn jù sí àjà. Òpè tí ń bẹ níwájú wọn kò mọ ọ̀nà bílíọ̀nù 889. Bí ó ti ń ronú, tí ó ń gbàgbé, tí ó sì ń bẹ̀rù ni wọ́n ń bá jà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbàkígbà tí a bá gbé òǹkà kan ka iwájú yín, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Ta ni ó fi í fúnni? Àwọn wo ni a bá jà kí a tó gbà á? Irú òfin wo ni a fi jà? Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ pa ẹ̀rọ kan kí ẹ máa wú fùkẹ̀, ẹ má sì ṣe tìtorí pé ẹ̀rọ kan pa yín kí ẹ sọ ìrètí nù. Kọ̀ǹpútà dára púpọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí òun ti ṣìnà nínú eré tí ó ti ta kọjá, nítorí pé olùkọ́ tí kì í kánjú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òun ti lágbára tó láàárín àwọn ènìyàn, àfi kí ó lọ bá ènìyàn jókòó. Odion Aikhoje, ọmọ Nàìjíríà, lọ sí ìlú Elista ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọdún 1998, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti péjọ láti ta ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ti gbà á, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí a gbé ọpọ́n ka iwájú rẹ̀.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ KAN

Ọ̀ta: ẹni tí ó gbówọ́ nínú ayò títa.
Òpè: ẹni tí kò tíì mọ ayò ta dáadáa.
Ọ̀mì: eré tí ẹnikẹ́ni kò borí nínú rẹ̀.
Òǹkà agbára: nọ́ńbà tí a fi ń mọ agbára òṣèré kan láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.
Alátakò: ẹni tí à ń bá díje.

ÌBÉÈRÈ

1. Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń mọ ọ̀ta yàtọ̀ sí òpè láìlo nọ́ńbà?
2. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òǹkà ṣẹ́ẹ̀sì àti máàkì ìdánwò.
3. Kí ni òǹkọ̀wé fi kóńgò ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, kí sì nìdí rẹ̀?
4. Kí ni ẹgbẹ́ SSDF ṣe ní ọdún 2000? Ǹjẹ́ ó dín agbára ẹ̀rọ kankan kù?
5. Kí nìdí tí a kò fi lè yọ 2882 kúrò nínú 3600 kí a sì gba èsì rẹ̀ gbọ́?
6. Kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí: “Ipò kìíní nínú kíláàsì kan kò fi dandan jẹ́ ipò kìíní nínú òmíràn.”